Orí Kẹfà: Afẹ́fẹ́ Ló Ń Gbé Ẹrù

Bí ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù bá wọ ìsọ̀ táyà, ojú táyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Á ti àtàǹpàkò bọ àárín eyín rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Èyí tí eyín rẹ̀ bá gbórín jù lọ ni ọkàn rẹ̀ máa fà sí. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè iye owó, tí wọ́n bá sì ti dúnàá-dúrà tán, ó di kí wọ́n gbé e sára rímù. Kò béèrè ìwọ̀n ẹrù tí táyà náà lè gbé, kò wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó, kò sì ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀nà yangí, nínú oko kòkó, nínú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, àwọn ohun wọ̀nyẹn ló máa ń pinnu bóyá èèyàn á sùn sílé tàbí á sùn sójú ọ̀nà. Mo fẹ́ kí a yí ètò náà padà nínú orí yìí. Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ̀gbẹ́ táyà tẹ̀lé e, kí gééjì tẹ̀lé ìyẹn, kí ojú táyà tó wá kàn.

Ìdí rẹ̀ ni pé rọ́bà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé e. Iṣẹ́ rọ́bà, okùn àti wáyà irin ni láti há afẹ́fẹ́ náà mọ́ kó má lè jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Píkọ́ọ̀pù bíi Toyota Hilux tí kò kó ẹrù wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn 2,000 kìlógíráàmù. Bí a bá pín in dọ́gba, 500 kìlógíráàmù ni yóò kan táyà kọ̀ọ̀kan. Bí fọ́gánáísà bá fún táyà náà ní gééjì 35, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fi ìwúwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 2.5 ti gbogbo ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà kan níbùú, kan lóròó. Ẹ fi 2.5 pín 500, ẹ ó rí 200. Ìyẹn ni pé ibi tí táyà kan fi tẹ ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 14 níbùú àti 14 lóròó lọ. Gbogbo ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti èèyàn inú rẹ̀, orí ibi kékeré mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ló dúró lé.

Wàyí o, ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ títí gééjì fi di 18. Ìṣirò kan náà yóò gbé 200 yẹn dé nǹkan bíi 400. Ọkọ̀ ò fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń gbà á dúró ti fẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀ le díẹ̀, ó sì ń bá afẹ́fẹ́ gbé lára ẹrù náà, nítorí náà kì í pé ìlọ́po méjì géérégé lójú ayé. Àmọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ru igi ìdáná rí mọ̀ ọ́n: òṣùká tó rọ̀ máa ń tẹ́ sórí, ẹrù á sì ṣeé rù, èyí tó le gbagidi á máa gún èèyàn ní àtàrí. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín, gígùn ni ibi tí táyà fi tẹ ilẹ̀ fi ń pọ̀ sí i ju fífẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ó gùn lábẹ́ táyà yìí ni kì í jẹ́ kó rì sínú yanrìn, tó sì ń jẹ́ kó rí ibi di mú.

Ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ralph Bagnold fi èyí han aráyé láti ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ Ford la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá, wọ́n sì gba àárín òkìtì yanrìn tí ọ̀pọ̀ gbà pé ràkúnmí nìkan ló lè gbabẹ̀. Tí wọ́n bá dé ibi tí yanrìn ti rọ̀, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá sì há, wọ́n á fi irin gbọọrọ tí wọ́n gbé dání sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ọgbọ́n yìí ló fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aṣálẹ̀ kan sílẹ̀ ní Íjíbítì ní 1940. Láàárín ogun yẹn kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní DUKW, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi tó sì ń rìn lórí ilẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ lè jókòó sórí àga rẹ̀ kó máa dín afẹ́fẹ́ táyà kù bó bá ti gun yanrìn etí òkun, kó sì tún fún un padà bó bá dé ojú ọ̀nà líle, láìdúró. Táyà kan náà ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá kó ẹrù sí píkọ́ọ̀pù wa. Àpò kòkó kan máa ń wọn nǹkan bíi 64 kìlógíráàmù, nítorí náà àpò 15 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ wà, orí táyà méjì ló sì jókòó lé. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan tó ń gbé bíi 430 kìlógíráàmù tẹ́lẹ̀ yóò wá máa gbé ohun tó sún mọ́ 900. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 265/65R17 112S. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lára Hilux nìyí. Fífẹ̀ táyà náà jẹ́ mìlímítà 265. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 172. Rímù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 17. Nọ́ńbà tí ojú èèyàn máa ń fò ni 112. Òun ló ń sọ ẹrù tó lè gbé: 1,120 kìlógíráàmù fún táyà kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá pé. S ń sọ pé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 180 ní wákàtí kan lọ, eré tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá lójú ọ̀nà wa lọ́nàkọnà.

Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré sábà máa ń ní nọ́ńbà bíi 91, tó túmọ̀ sí 615 kìlógíráàmù. Bí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀ tí rímù sì gbà á, tó wá kó àpò kòkó 15 lé e, ẹrù orí táyà kọ̀ọ̀kan ti fi nǹkan bíi 285 kìlógíráàmù ju ohun tó lè gbé lọ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè má bẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó lè ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ́, lójú ọ̀dà, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọkọ̀ ń sáré.

Ooru ló ń pa á. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì tún nà. Táyà 265/65R17 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 410 nínú kìlómítà kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, ó ń tẹ̀ ó sì ń nà ní ìgbà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹrù bá pọ̀ jù tàbí tí gééjì bá lọ sílẹ̀ jù, ó ń tẹ̀ jinlẹ̀ sí i, rọ́bà náà á máa gbóná láti inú wá. Tó bá gbóná dé ibì kan, ohun tó so wáyà irin pọ̀ mọ́ rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ò ní rí nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ wá lẹ́tà LT ṣáájú nọ́ńbà ìwọ̀n táyà, bíi 265/65R17 yẹn, tàbí C lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi ń dá táyà ọkọ̀ akẹ́rù mọ̀. Ara wọn nípọn ju ti táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Àwọn tó ń ta táyà fẹ́ràn láti máa sọ pé, “Ọ̀gá, pláì mẹ́wàá ni, kò lè bẹ́ láéláé.” Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Nígbà tó jẹ́ òwú ni wọ́n fi ń ṣe okùn inú táyà, pláì mẹ́wàá túmọ̀ sí òwú ìpele mẹ́wàá. Lónìí, táyà tí wọ́n kọ 10PR sí lè má ní ju ìpele méjì tàbí mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́. Agbára tó ní ni nọ́ńbà náà ń sọ. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: táyà LT nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i kó tó lè gbé ẹrù kan náà tí táyà lásán gbé. Ẹni tó bá yọ táyà lásán kúrò, tó gbé LT sí i, tó wá ń fún un ní gééjì àtijọ́, ó ti ra agbára tí kò lò.

Mo ní ẹ̀gbẹ́ táyà ló kàn. Inú oko ni ẹ ti máa mọ ìdí rẹ̀. Táyà òde òní, tí R wà nínú nọ́ńbà rẹ̀, ní okùn tó ti etí kan lọ sí etí kejì, pẹ̀lú wáyà irin tó yí ojú rẹ̀ ká lábẹ́ rọ́bà. Wáyà yẹn ò dé ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìṣó fi lè gún ojú táyà, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́, tí ẹ ó sì máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ bá ya, ó ti tán nìyẹn. Èmi ò mọ ohun tó ń ya ẹ̀gbẹ́ táyà nílẹ̀ wa tó kùkùté. Tí wọ́n bá fi àdá ṣán igbó, dídà ni wọ́n máa ń dà á bẹ́ igi wẹ́wẹ́, tí ohun tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ á sì mú ṣóńṣó. Ti ọparun tilẹ̀ burú jù, nítorí ihò inú rẹ̀ máa ń ní etí mímú yí ká. Koríko á hù bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá yà kúrò lójú ipa ọkọ̀ láti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Eyín táyà ńlá ò ní ohun kankan tó lè ṣe sí èyí. Ẹ̀gbẹ́ onípele mẹ́ta ló lè gbà yín, àti ẹ̀gbẹ́ tó ga, tó ní àyè láti tẹ̀ kí ohun mímú tó wọlé.

Nítorí gíga ẹ̀gbẹ́ yìí ni mo ṣe ń gba àwọn tó ń lọ sí oko nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe ra rímù tó tóbi nítorí ẹwà. 265/65R17 àti 265/60R18 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dọ́gba lórí ìdúró, mìlímítà 776 àti 775. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ èkíní jẹ́ 172, ti èkejì jẹ́ 159. Mìlímítà 13 tí ẹ pàdánù yẹn ló wà láàárín rímù yín àti etí kòtò. Lójú ọ̀nà tó kún fún gálọ́ọ̀pù, rímù kékeré ló ń pẹ́.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún táyà tó ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá fi 265/70R17 rọ́pò 265/65R17, ọkọ̀ á ga díẹ̀ sí i, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ka eré ọkọ̀ á máa purọ́: tó bá ń sọ 100, ẹ ti ń sá 103 àti díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa tiraka jù, bíréèkì á sì ní ẹsẹ̀ tó wúwo jù láti dá dúró. Bákan náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ti iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn, wọn ò ní yí ní iye kan náà, ìjà wọn á sì lọ parí sínú gíá. Sípíà náà gbọ́dọ̀ bá wọn dọ́gba.

Gééjì ló yẹ kó kàn, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ojú táyà, torí ilẹ̀ wa ò rí bákan náà. Ilẹ̀ pupa tó gbòde láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin dé Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, yangí ni, irin inú rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ mímú máa ń fọ́n kálẹ̀ lórí rẹ̀. Òkúta wọ̀nyí ń gé eyín táyà díẹ̀díẹ̀, eyín tó ga tó sì jìnnà síra ni wọ́n sì ń tètè gé jù, nítorí ó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ líle. Táyà tí eyín àárín rẹ̀ sún mọ́ra ló ń pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe táyà fún ọ̀nà líle máa ń fi rọ́bà igi tó pọ̀ sínú rẹ̀, nítorí rọ́bà igi kì í tètè ya, kì í sì í gbóná púpọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ò ṣàjèjì sí rọ́bà: kí igi rọ́bà tó wá láti Brazil tó gbilẹ̀, igi ìrẹ́ inú igbó wa ni wọ́n ń kọ. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn ló gba Èkó lọ sókè òkun, wọ́n sì kọ igi náà ní ìkọkúkọ débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú.

Nígbà tí òjò bá rọ̀, yangí yìí kan náà á yí padà. Eruku orí rẹ̀ á di ọ̀rá tó ń yọ̀, àmọ́ ilẹ̀ líle ṣì wà ní ìsàlẹ̀, kò jìn rárá. Táyà tí kò fẹ̀ jù máa ń gé ẹrẹ̀ náà kọjá, á sì di ilẹ̀ líle yẹn mú; táyà tó fẹ̀ á léfòó lórí rẹ̀, á sì gbé ọkọ̀ lọ sínú gọ́tà. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n gbà pé bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe dára tó.

Amọ̀ ilẹ̀ kòkó yàtọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Á kún àárín eyín táyà, á sì ṣù síbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ táyà tó ní eyín á di aláìléyín. Ibí ni M/T ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Lẹ́tà yìí ni wọ́n ń kọ sára táyà ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, àárín wọn fẹ̀, tó bá sì ń yí kíákíá ó ń gbọn amọ̀ dànù kó tó padà fi ojú kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àbàtà tí kò nísàlẹ̀, kò sí táyà tó mọ̀ ọ́n gbà. Ẹ yí i po.

Yanrìn etí òkun, láti Àgbádárìgì títí lọ dé Grand-Popo, ló ń já òǹrajà tó ń wo eyín kulẹ̀ jù. Eyín ńlá ń gbẹ́ yanrìn ni. Bí awakọ̀ bá ṣe ń tẹ iná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí abẹ́ ọkọ̀ fi máa jókòó sílẹ̀. Táyà tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán, tí gééjì rẹ̀ lọ sílẹ̀, á kọjá níbi tí M/T onígééjì 35 ti há. Níbi òkúta ńlá, bí irú èyí tó yí Ìdànrè ká, táyà tó rọ̀ díẹ̀ ló ń bo etí òkúta mọ́lẹ̀ tó sì ń dì í mú. Àmọ́ bí ẹ bá tú afẹ́fẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ á yọ síta, òkúta á sì rí i gé. Ó gba ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ibi tó kù ni ojú ọ̀dà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ti ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé táyà wọn. Ẹni tó ní oko ní ẹ̀yìn Òǹdó lè rin kìlómítà mẹ́wàá nínú ẹrẹ̀ kó sì rin ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀dà ní ọjọ́ kan náà. Lórí ọ̀dà tí òjò ti rin, M/T ò dára. Rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ kéré nítorí àárín eyín fẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀ ò sì pọ̀, nítorí náà ọkọ̀ á rìn jìnnà kó tó dúró tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ó tún ń pariwo, ó ń jẹ epo, ó sì ń tètè jẹ. H/T, ti ojú ọ̀dà, dára lórí ọ̀dà nìkan. A/T ló wà láàárín. Tèmi ni pé A/T tó jẹ́ LT tàbí C, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kò kéré sí èyí tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ló yẹ ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń fi píkọ́ọ̀pù lọ sí oko. Kí M/T wà fún àwọn tó ń gbé pákó nínú igbó ọba, tí ọkọ̀ wọn kì í sábà rí ọ̀dà.

Bí ẹ bá ti mọ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí. 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2021. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, ó ti wà kí ọdún 2000 tó wọlé, ẹ gbé e padà fún wọn. Rọ́bà ń darúgbó bí kò tilẹ̀ rìn. Wọ́n máa ń po ìda kan mọ́ ọn, táyà tó ń yí ló sì ń ti ìda náà jáde wá sójú láti dáàbò bo ara rẹ̀. Táyà tó dúró lójú kan nínú oòrùn kì í rí i ṣe, nítorí náà ló ṣe máa ń sán. Sípíà tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tí eyín rẹ̀ ṣì pé, lè ti di ohun tí kò ṣeé gbára lé mọ́. Michelin ní kí wọ́n máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún bó bá ti lo ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò bó bá pé mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nínú ooru tiwa, mi ò ní dúró dé ibẹ̀.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó táyà wa wá, ewu sì ti ibẹ̀ wọlé. Kí owó ọkọ̀ lè dín, àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ara wọn. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Táyà tí wọ́n fún bẹ́ẹ̀, okùn inú rẹ̀ ti kán, etí rẹ̀ sì ti wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ fi ọwọ́ yí inú rẹ̀ ká. Bí ẹ bá rí ibi tó ká kò tàbí etí tó ṣẹ́, ẹ má rà á. Ní ti tòkunbọ̀, òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó táyà àlòkù irú èyí wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná fín ìlà tuntun sí ojú rẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé eyín ṣì pọ̀. Ìlà tí wọ́n fín yẹn lè ti dé ìdí wáyà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà: èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá ní òkè kékeré tó ga ní mìlímítà 1.6, tí wọ́n fi ń mọ̀ pé táyà ti tán. Tí ìlà bá mọ́ gaara, tí kò sí òkè yẹn níbikíbi, ẹnì kan ti fín in.

Ó ku gééjì. Ẹ ra ti yín, torí àwọn fọ́gánáísà kan ń fi etí gbọ́ ọ ni, wọ́n á fi irin lu táyà, wọ́n á sì sọ pé ó ti pé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó gbóná á fi bíi gééjì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lé ti òwúrọ̀. Ẹ má tú u sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ Ọsirélíà máa ń lo èyí fún àyẹ̀wò: tí táyà píkọ́ọ̀pù bá fi ju bíi mẹ́fà lọ lé ti òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ò tó ẹrù tàbí eré ti pọ̀ jù. Fún ọ̀dà, ẹ lo ohun tó wà lára férémù ilẹ̀kùn (bó bá jẹ́ LT lẹ fi rọ́pò táyà lásán, ẹ fi kún un bí mo ṣe sọ), kí ẹ sì fi kún ti ẹ̀yìn bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ṣe sọ nígbà tí ẹrù bá wà. Fún yangí tó ń gbọ̀n ọkọ̀ jìgìjìgì, tí kò sí ẹrù, bíi 28. Fún yanrìn, 18 tàbí 20, kí eré má ju 30 tàbí 40 kìlómítà lọ, kí ẹ má sì fọ́n ọwọ́ ọkọ̀ yí lójijì, nítorí táyà lè yọ kúrò lára rímù. Bí ẹ bá ti gun ọ̀dà padà, ẹ dúró, ẹ fún un kó pé kí ẹ tó sáré. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ló ń ṣe é. Láìsí i, ẹ má tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ rárá níbi tí fọ́gánáísà ò sí.

Bí ìṣó bá gún ojú táyà nínú oko, ẹ má fa ìṣó náà yọ títí ohun tí ẹ fẹ́ fi dí i á fi wà lọ́wọ́. Ẹ fa ìṣó jáde, ẹ fi irin onígàárá ha inú ihò náà, ẹ ki okùn rọ́bà tí ẹ ti pa gọ́ọ̀mù sí bọ̀ ọ́, ẹ gé ìrù rẹ̀, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ da omi ọṣẹ lé e kí ẹ wò ó bóyá ó ń hó. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló gún, sípíà ni, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Táyà tí ẹ sì dí lóko bẹ́ẹ̀, kí fọ́gánáísà yọ ọ́ kúrò lára rímù lọ́jọ́ kejì, kó wo inú rẹ̀, kó sì lẹ̀ ẹ́ láti inú, kí ẹ tó tún kó àpò kòkó lé e.